Àdùnní Olórìṣà: Obìnrin Tí Ó Tún Igbó Ọ̀ṣun Ṣe

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà àwọn àgbà awo, mo sì júbà àwọn ìyá tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn àgbà awo, nítorí pé láìsí wọn, ilé awo kò lè dúró.

Nígbà tí ọdún Ifá bá dé ní àgbègbè wa yìí, láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀, títí dé erékùṣù tí gbogbo ayé ń pè ní Snake Island, orúkọ àwọn ọkùnrin ni ó máa ń pọ̀ jù lẹ́nu wa. A ó ka ìran babaláwo, a ó ka ẹni tí ó tẹ̀ wá ní Ifá àti ẹni tí ó tẹ ẹni náà. Nígbà tí ó bá kan àwọn obìnrin, a ó ní "àwọn ìyá wa," a ó sì kọjá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi yan obìnrin kan ṣoṣo fún àròkọ ìtàn ti ọdún yìí. Orúkọ tí wọ́n bí i bí ní ìlú rẹ̀ ni Susanne Wenger. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ni Àdùnní Olórìṣà.

Ohun tí Ọ̀ṣẹ́tùúrá kọ́ wa

Kí n tó sọ ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn kan tí kò ṣàjèjì sí awo kankan. Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń ti ìsálú ọ̀run bọ̀ wá tún ayé ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, ẹni kan ṣoṣo tí ó jẹ́ obìnrin ni Ọ̀ṣun. Wọ́n dé ayé, wọ́n gé igbó orò, wọ́n gé igbó ọpa, wọ́n ń ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Òjò kò rọ̀, àgàn kò bímọ, aláìsàn kò dìde, ẹbọ tí wọ́n rú kò dà. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè. Olódùmarè bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni kẹtàdínlógún wọn. Ẹnu wọn wọhò. Wọ́n ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà ni wọ́n bí tán tí ó di Ọ̀ṣẹ́tùúrá, ẹni tí ó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run.

Kí ni ìtàn yìí wí? Kò wí pé kí a ṣe àánú obìnrin. Ohun tí ó wí ni pé iṣẹ́ tí a yọ obìnrin kúrò nínú rẹ̀ kò ní gbà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń tẹ̀ síwájú.

Láti Graz dé Ẹdẹ

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1915 ni wọ́n bí Susanne Wenger ní ìlú Graz, ní orílẹ̀-èdè Austria. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé àti ní Vienna. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà, tí bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí ìlú, ó ń fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ya àwọn ohun tí ó ń rí lójú oorun: ẹranko, ẹ̀mí, ohun tí kò ní orúkọ. Lẹ́yìn ogun, ní 1947, ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kan sílẹ̀ ní Vienna. Láti ibẹ̀ ni ó dé Párìs, níbi tí ó ti pàdé Ulli Beier, ọmọ Júù tí ó dàgbà ní Jámánì. Wọ́n fẹ́ ara wọn ní 1949. Ní 1950, Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó jẹ́ kọ́lẹ́jì nígbà náà, àwọn méjèèjì sì wá sí Nàìjíríà.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gbé bí ẹni tí kò kúrò ní ìlú wọn. Èyí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n lọ sí Ẹdẹ, lẹ́yìn náà Ìlobùú, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, àìsàn ti wọlé. Kò pẹ́ tí Susanne dé ilẹ̀ yìí tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi gbé e dè. Ó wà lórí àìsàn náà fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ ní ìgbà yẹn yóò mọ̀ pé ikú ni ó ń wò lójú.

Ní Ẹdẹ ni ó ti pàdé Àjàgẹmọ, olórí àwọn àwòrò Ọbàtálá. Kò gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà náà, bàbá náà kò sì gbọ́ èdè òyìnbó. Síbẹ̀, wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Bàbá náà mú un wọ ilé Ọbàtálá, wọ́n sì ṣe é ní olórìṣà. Láti ìgbà náà ni ó ti gbà pé àìsàn náà ni ilẹ̀kùn tí òun gbà wọlé, pé ara òun àtijọ́ kú, òmíràn sì dìde. Àwa tí a wà nídìí Ifá kò ní rí èyí bí ohun ìyanu. Mélòó nínú wa ni kò jẹ́ pé àìsàn tàbí ìdààmú ni ó kọ́kọ́ gbé wa dé iwájú ọpọ́n?

Igbó tí ń kú

Nígbà tí ó fi dé Òṣogbo, ìgbéyàwó òun àti Beier ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Ó padà fẹ́ Àyánsọlá, onílù. Beier gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ: òun ni ó dá ìwé àtìgbàdégbà *Black Orpheus* sílẹ̀ ní 1957, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Susanne ní tirẹ̀ yí ojú sí igbó.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Igbó Ọ̀ṣun ti ń bàjẹ́. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ti gba apá kan nínú rẹ̀, wọ́n gbin igi tíìkì sí i. Àwọn ọdẹ ń dọdẹ níbi tí èèwọ̀ wà pé kí a má dọdẹ, àwọn kan ń wa yanrìn, àwọn kan ń gé igi. Ìmàle àti Kìrìsìtẹ́nì ti pọ̀ nílùú, àwọn ọmọ olórìṣà sì ń tijú láti tẹ̀lé ìyá wọn lọ sí ojúbọ. Ikán ti jẹ òpó àti òrùlé ojúbọ Ọ̀ṣun. Àwọn àwòrò sì wá bẹ obìnrin aláwọ̀ funfun yìí pé kí ó bá àwọn tún un ṣe.

Àtúnṣe ni wọ́n ní kí ó ṣe. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dá igbó tuntun sílẹ̀. Ó pe àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà ìlú, wọ́n mọ ògiri, wọ́n tún òpó ṣe. Láti orí ògiri ni iṣẹ́ náà ti gbòòrò sí ère, láti ara ère ni ó ti dé ilé òrìṣà ńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ṣe é. Ọba Adénlé Kìíní, Àtáọ́ja ìgbà náà, tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọba Ìyíọlá Oyèwálé Mátànmí Kẹta náà kò fi í sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gé igi, ère ni ó máa ń gbé dúró síbẹ̀. Wọ́n ní ó tilẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà fún àwọn tí wọ́n wá pẹ̀lú àáké. Ère di odi: ẹni tí kò bẹ̀rù igi yóò bẹ̀rù ohun tí ó dúró lábẹ́ igi.

Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù keje ọdún 2005, UNESCO fi gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé. Hẹ́kítà 75 ni ó jẹ́. Sukur nìkan ni ó ti Nàìjíríà ṣíwájú rẹ̀ dé inú ìwé náà, ní 1999.

Ìkòkò aró

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ère. Aláró ni Àdùnní.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo yóò rántí pé nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn dé etí odò pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn, wọ́n gé igi kan, igi náà sì wó sínú omi. Ohùn kan ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni ó ké. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀: ẹjọ́ kìíní tí òrìṣà bá àwọn ènìyàn Òṣogbo rò ni pé wọ́n ba ohun èlò iṣẹ́ obìnrin jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tọrọ àforíjì tí wọ́n sì ṣí sókè ni àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ láàrin òrìṣà àti ọba, tí ẹja fi wá sí àtẹ́wọ́ ọba, tí oyè fi di Àtáọ́ja.

Àdùnní kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Láfún ni wọ́n máa ń sè, tí wọ́n ń fi álúọ̀mù sí, tí wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ohun tí wọ́n bá fẹ́ sórí aṣọ funfun. Bí ó bá gbẹ, a ó rì í bọ inú aró ẹ̀lú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní mu aró. Àwọn ìyá wa ń fi í ṣe ìró. Àdùnní fi í ṣe aṣọ ńlá tí a lè fi bo ògiri, ó sì ya ìtàn àwọn òrìṣà sí i láti òkè dé ilẹ̀. Nínú igbó, ó kọ́ ojúbọ ńlá fún Ìyá Mọpó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, aláró àti amọ̀kòkò. Nígbà tí mo bá ronú sí i, ó dà bí ẹni pé ìgbẹ̀san rere ni obìnrin yìí ṣe: ó kó àpáàdì ìkòkò tí a fọ́ jọ, ó sì tún un mọ.

Ìwòsàn wo ni?

Bí a bá wí pé iṣẹ́ ìwòsàn ni Àdùnní ṣe, ẹnìkan lè béèrè irú ewé tí ó já. Ní ìdí Ọ̀ṣun, omi tútù ni àgbo. Ìyá tí ń wá ọmọ bù ú mu, wọ́n ń fi wẹ ọmọ tuntun, wọ́n ń fi tu ara ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn Aládúrà pàápàá kò fi ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1930, ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, omi ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn. Orúkọ tí a fi pe agbára náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n omi kan náà ni.

Bí omi bá jẹ́ oògùn, nígbà náà ẹni tí ó dáàbò bo odò ti dáàbò bo ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó sì dá igi sí ti dá ewé Ọ̀sányìn sí. Iṣẹ́ tí Àdùnní ṣe nìyẹn. Kò sí oníṣègùn tí yóò rí ewé já níbi tí kò ti sí igbó mọ́.

Ó wo àwọn ènìyàn sàn pẹ̀lú, ní ọ̀nà mìíràn. Ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ tọ́. Ṣàngódáre Gbàdégẹ́ṣin Àjàlá, tí ó di àgbà nínú iṣẹ́ aṣọ aláró àti àwòrò Ṣàngó, dàgbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Adédoyin Tàlàbí Fáníyì, ọmọ tí òun náà tọ́, di olórìṣà tí ń sọ̀rọ̀ fún ẹ̀sìn yìí ní gbangba. Àwọn ọmọ tí ayé fẹ́ kí wọ́n tijú nítorí òrìṣà rí àgbà kan tí kò tijú.

Ṣé tiwa ni, àbí ti òyìnbó?

Ìbéèrè yìí ń dìde nígbà gbogbo, kò sì yẹ kí a sá fún un. Àwọn kan ní ère rẹ̀ kò jọ ère àwọn baba wa. Òótọ́ ni. Àwọn kan ní òyìnbó ni ó sọ Igbó Ọ̀ṣun di ohun tí ayé ń wò. Èyí kì í ṣe òótọ́ tán.

Ọ̀ṣun wà kí Àdùnní tó dé. Ìyá Ọ̀ṣun wà, Àwòrò Ọ̀ṣun wà, Arugbá ń gbé igbá, ọba ń bọ odò. Bákan náà, Àdùnní kò dá nìkan ṣe iṣẹ́ ọwọ́ inú igbó. Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, ni ó fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀pọ̀ ọgbà àti ẹnubodè igbó náà. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé Ògún gbẹ́ àwọn òpó igi. Àwọn náà ní ojú inú tiwọn, ọwọ́ wọn sì hàn nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá lọ sí igbó tí ó padà wá sọ pé "iṣẹ́ Susanne ni mo rí" ti gé ìtàn náà sí méjì. Bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má yọ obìnrin kúrò nínú ìtàn awo, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi obìnrin kan bo àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ti pé ṣé tiwa ni, Ifá kò béèrè àwọ̀ ara lọ́wọ́ ẹni tí ó kúnlẹ̀. Orí ni ó ń béèrè. Orí yan ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé. Obìnrin yìí wá ní 1950, kò sì padà lọ gbé ìlú rẹ̀ mọ́. Ó gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní òpópónà Ìbòkun láàrin ère àti ọmọ, títí ó fi wọ káà ilẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Oríkì tí a fún un wí ohun tí ó yẹ: Àdùnní, ẹni tí ó dùn láti ní.

Omi náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa

Ẹnìkan lè wí pé kí ni ọ̀rọ̀ Òṣogbo kan ará Snake Island. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé odò náà. Ọ̀ṣun ṣàn láti ilẹ̀ Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, ó forí lé gúúsù, ó sì dà sínú ọ̀sà Lẹ́kkí, tí ó so mọ́ ọ̀sà Èkó. Omi ọ̀sà sì ń gba ẹnu ọ̀nà Àpápá jáde sí òkun. Ohun tí Àdùnní ń ṣọ́ ní òkè odò, àwa ni a wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Odò náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò, ní apá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí amọ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹ wo bí ó ti burú tó: a wá gba ìwòsàn, wọ́n ní kí a má fẹnu kan oògùn. UNESCO kọ orúkọ igbó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kì í fọ omi.

Níhìn-ín pẹ̀lú, ẹ wo àyíká wa. Ọkọ̀ òkun ńlá ń kọjá ní iwájú wa láti èbúté Àpápá àti Tin Can. Epo ń léfòó lójú omi, ike àti ọ̀rá ń kóra jọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbà níbi tí a ti ń gbé ẹbọ sí. Igi tí ó kù ní etí omi kò pọ̀ mọ́. A kò lè máa ké pe Olókun àti Ọ̀ṣun ní òwúrọ̀, kí a sì da ìdọ̀tí sí wọn lójú ní ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ka ìwé yìí. Ìkíní: ẹbọ tí a bá gbé sí etí omi lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ewé tàbí ìkòkò amọ̀, kí ó má ṣe wà nínú ọ̀rá. Èkejì: ìyá kan wà ládùúgbò rẹ, bóyá Ìyánífá, bóyá olórìṣà, bóyá ẹlẹ́wé ọmọ tí ó ti fi àgbo gba ọ̀pọ̀ ọmọ là ní Ajégúnlẹ̀. Lọ jókòó tì í kí ọdún yìí tó parí. Béèrè orúkọ ewé tí ó mọ̀, béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá fún ọ láyè. Àdùnní rí àwọn tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè oríṣiríṣi. Àwọn ìyá wa tí wọn kò ní akọ̀wé kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ láìní orúkọ.

Fún ẹni tí yóò lọ sí Òṣogbo

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń wáyé, ọjọ́ méjìlá ni ó sì ń gbà. Ìwọ́pópó ni ó ṣíwájú, nígbà tí ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ń wọ́ ọ̀nà mọ́. A ó tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, a ó bọ àwọn adé ọba àtijọ́, ọjọ́ Arugbá ni ó sì kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ogunlọ́gọ̀, kí ó lọ ní ọjọ́ lásán. Rọra rìn. Má ṣe já ewé, má ṣe pa ẹran, má ṣe mú ẹja. Wo ère Ẹ̀lá, tí ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè láàrin igi, kí ìwọ ọmọ Ifá sì kí i bí o ti ń kí ẹni tirẹ. Lẹ́yìn náà, dé ọ̀dọ̀ Ìyá Mọpó, kí o rántí ìkòkò aró.

Kí Ọ̀rúnmìlà gba ẹbọ wa. Kí omi má ṣe bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí a má ṣe ìpàdé tí a kò pe Ọ̀ṣun sí.

Àṣẹ.